Ta ló kanlẹ̀kùn Lọ́yà Sedgwick?

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Theodore Sedgwick ti ń ká mi lára fúngbà díẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ yín lè má gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, kò sì yà mí lẹ́nu, torí kì í ṣe Washington, kì í ṣe Jefferson, kò sí lórí owó Amẹ́ríkà kankan. Lọ́yà ìgbèríko ni, ará Massachusetts, tó ti ìdí iṣẹ́ lọ́yà bọ́ sínú òṣèlú, tó sì ṣe é débi pé òun ni olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin wọn láti 1799 sí 1801. Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé 1781 ló bá obìnrin ẹrú kan tó ń jẹ́ Bett gba òmìnira ní kóòtù, nígbà tó wá di 1791, ọdún mẹ́wàá péré, òun náà ni alága kọmítì tó jókòó tó kọ àbádòfin bí wọ́n ṣe máa máa mú ẹrú tó bá sá lọ padà fún olówó ẹ̀. Ọkùnrin kan náà o. Kì í ṣe pé ẹni méjì ń jẹ́ orúkọ kan.

Mo fẹ́ràn ìwé ẹjọ́ àtijọ́ gan-an, àwọn ará ilé mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀, wọ́n á ní kí ló kàn mí nínú ẹjọ́ òyìnbó tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Wọn ò jẹ̀bi. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí i tí wọ́n ń sọ ìtàn Sedgwick, ìdajì ni wọ́n máa ń sọ. Àwọn tó fẹ́ kó jẹ́ ẹni rere á sọ ti Bett, wọ́n á pa ìwé dé. Àwọn tó ń kọ nípa òfin ẹrú á dárúkọ ẹ̀ fìrí nínú kọmítì yẹn, wọ́n á kọjá lọ. Èmi ò rò pé ọ̀kan nínú ẹ̀ ṣe é lóye láìsí èkejì.

Ọdún 1746 ni wọ́n bí i, ní West Hartford ní Connecticut. Bàbá ẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ John ló wá di bàbá ilé, òun ló ń forí ṣe fọrùn ṣe kí àbúrò lè lọ sí Yale. Àbúrò dé Yale, ìwà ìpátá ò jẹ́ kó parí, wọ́n lé e dànù. Ẹ wo ẹ̀gbọ́n tó ń roko kó lè ráyè san owó ilé ìwé, tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá bá nílé. Yale padà fún un ní oyè ẹ̀ ní 1772, àmọ́ nígbà yẹn ó ti di lọ́yà tipẹ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe pásítọ̀, ó yí i padà, ó lọ jókòó sí ọ́fíìsì Mark Hopkins, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan tó ń ṣe lọ́yà ní Great Barrington. Nígbà yẹn, bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ òfin o, wàá máa da ìwé kọ fún ọ̀gá, wàá máa ka ìwé tí ọ̀gá ní, wàá máa tẹ̀ lé e lọ kóòtù títí dọjọ́ tó o máa gba fírídọ̀ọ̀mù. Ọdún 1766 ni tiẹ̀ pé, ọmọ ogún ọdún.

Ìwọ̀ oòrùn Massachusetts tí mò ń wí yìí, níbi tí Great Barrington wà, orí òkè ni, oko ló pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ lọ́yà níbẹ̀ ò ju ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ gbèsè lọ. Ó fẹ́ ìyàwó, Eliza Mason, ìgbóná kọ́kọ́ mú òun alára, ó yè é, ìyàwó wá kó o, ó sì gbẹ́mìí obìnrin náà ní 1771. Ó tún fẹ́ Pamela Dwight ní 1774, ọmọ ilé ńlá lágbègbè yẹn, ọ̀rọ̀ Pamela ṣì ń bọ̀.

Kó tó fẹ́ Pamela ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ní January 1773, àwọn ọkùnrin kan ní Sheffield kóra jọ sílé Kọ́nẹ́ẹ̀lì John Ashley, olówó ìlú, onílẹ̀, tó ti jókòó rí bí adájọ́ ní kóòtù àdúgbò yẹn. Orí wọn gbóná sí ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ilé ìgbìmọ̀ ẹ̀. Sedgwick tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni akọ̀wé wọn, òun ló mú kálámù. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni pé bí Ọlọ́run ṣe dá ènìyàn, ọgbọọgba ni gbogbo wa, olómìnira ni wá, kò sẹ́ni tó yẹ kó fọwọ́ kan ẹ̀mí ẹnì kejì tàbí òmìnira ẹ̀ tàbí dúkìá ẹ̀. Ó dùn létí. Nínú ilé tí wọ́n ti kọ ọ́ yẹn, ẹrú wà níbẹ̀. Ashley ló ni wọ́n. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀, mi ò mọ ohun míì tí mo lè sọ sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹrú yẹn ni Bett. Wọ́n bí i ní nǹkan bí 1744 ní Claverack, ní New York, lọ́dọ̀ ìdílé Hogeboom, àwọn ọmọ Dutch, ọmọbìnrin wọn Hannah ni ìyàwó Ashley, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Bett wá bá ní Sheffield. Hannah yìí le, mo ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan ó fa ṣọ́bìrì yọ nínú ààrò, irin náà ṣì pọ́n, ó fẹ́ fi gbá ọmọbìnrin kan nínú ilé tí Bett ń dáàbò bò, Bett na apá ẹ̀ sáàárín, apá yẹn ni irin náà bá. Egbò náà jinlẹ̀, àpá ẹ̀ ò sì kúrò lára ẹ̀ títí ó fi kú. Ohun tí obìnrin yìí wá ṣe ló wù mí jù: kò bo apá yẹn. Tí àlejò bá wá sílé, tó bá rí i, tó bá bi í pé Bett kí ló ṣe ọ́ lápá, á ní kí wọ́n lọ bi ìyá ilé. Gbólóhùn kan péré. Hannah á sì wà níbẹ̀ tí ojú á máa tì í níwájú àlejò. Ẹrú ni o, kò mọ̀wé kà, kò mọ̀wé kọ, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rí hàn.

Ọdún 1780 ni Massachusetts gba ìwé òfin tuntun, John Adams ló kọ púpọ̀ nínú ẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ nínú ẹ̀tọ́ aráàlú sì sọ pé òmìnira la bí gbogbo ènìyàn sí, ọgbọọgba sì ni wọ́n. Ìwé ni wọ́n máa ń kà sétí gbogbo ìlú nígbà yẹn. Bett gbọ́. Bí Catharine, ọmọ Sedgwick tó padà di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé, ṣe ròyìn ẹ̀, Bett gbéra ó lọ bá Sedgwick, ó ní òun gbọ́ tí wọ́n ka ìwé kan tó ní ọgbọọgba ni gbogbo ènìyàn, òun kì í ṣe ẹranko, ṣé òfin ò ní fún òun lómìnira òun ni? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀. Gbogbo ènìyàn máa ń sọ ọ́ bíi pé Sedgwick ló lọ gbà á sílẹ̀. Rárá o. Bett ló kanlẹ̀kùn. Òun ló mú lọ́yà, kì í ṣe lọ́yà ló mú un, ẹni tó sì mú yẹn kì í ṣe àjèjì, ọkùnrin tó máa ń wá sílé ọ̀gá ẹ̀, ọ̀rẹ́ ọ̀gá ẹ̀, ẹni tó kọ ìwé "olómìnira ni wá" nínú ilé yẹn kan náà. Tí ẹ bá ní kí n sọ tinú mi, èmi ò rò pé ó ṣèèṣì yàn án.

Sedgwick gba ẹjọ́ náà. Ó mú Tapping Reeve mọ́ra, lọ́yà láti Litchfield ní Connecticut, ẹni tó padà dá ilé ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi ọkùnrin ẹrú kan tó wà lọ́wọ́ Ashley kún un, Brom lorúkọ ẹ̀, àwọn tó mọ̀ nípa òfin ayé ìgbà yẹn ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ torí pé ẹjọ́ obìnrin nìkan lè má rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà pe ẹjọ́ náà ló pa mí lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ìwé kóòtù kan wà tí wọ́n fi ń gba nǹkan padà: tí aládùúgbò bá so màlúù rẹ mọ́lẹ̀ láìtọ́, wàá lọ gba ìwé yẹn, ṣẹ́ríìfù á lọ bá a pé kó tú màlúù náà sílẹ̀. Irú ìwé yẹn ni wọ́n gbà ní May 1781. Ṣẹ́ríìfù lọ sílé Ashley pé kó yọ̀ǹda Brom àti Bett, pé kì í ṣe òun ló ni wọ́n. Ashley kọ̀, ó ní ìránṣẹ́ òun ni wọ́n títí ayé wọn. Ìyẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ kó sọ! Torí ó ti sọ ọ́ báyìí, kóòtù gbọ́dọ̀ dáhùn bóyá òótọ́ ni pé ẹnì kan lè ni ẹnì kejì títí ayé, níbi tí ìwé òfin tuntun ti sọ ohun tó sọ.

August 1781 ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní Great Barrington, níwájú júrì. Àgbẹ̀ àti ará ìlú ni júrì o, wọn kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Wọ́n gbọ́ tọ̀tún tòsì, wọ́n ní Brom àti Bett kì í ṣe ẹrú Ashley, wọn ò sì jẹ́ ẹrú ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìwé yẹn pàápàá. Wọ́n ní kí Ashley san ọgbọ̀n ṣílè gbà-má-bínú àti owó ẹjọ́. Ashley pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó sì padà jáwọ́ nínú ẹ̀ ní October ọdún yẹn, nígbà tí ẹjọ́ Quock Walker, ọkùnrin ẹrú míì tó gba òmìnira ní kóòtù ní Worcester, ti fi hàn pé afẹ́fẹ́ ti yí padà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka ènìyàn ní 1790, ẹrú tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Massachusetts kò ju òdo lọ. Kì í ṣe ẹjọ́ Bett nìkan ló fà á o, ẹjọ́ Walker àti ọ̀rọ̀ tí Adájọ́ Àgbà Cushing bá júrì sọ ní 1783 wà níbẹ̀, àmọ́ ti Bett wà lára àwọn tó ṣáájú.

Àwọn kan ní àwọn lọ́yà méjèèjì kàn fẹ́ dán ìwé òfin tuntun wò ni, pé Bett jẹ́ irinṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kí ló wá burú níbẹ̀? Bett náà lò wọ́n. Ashley bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá ṣiṣẹ́ fóun, òun á máa sanwó fún un, ó lóun ò lọ. Ilé Sedgwick ló lọ, níbi tí wọ́n ti ń sanwó iṣẹ́ fún un, ó mú orúkọ Elizabeth Freeman, ó ń ṣe agbẹ̀bí, ó ń tọ́jú aláìsàn káàkiri àdúgbò, ó ń fowó pa mọ́.

Láti ibí lọ, òṣèlú ni. Sedgwick ti ń lọ ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ láti 1780, wọ́n tún rán an lọ sí ìgbìmọ̀ àpapọ̀, ní 1785 ó kó lọ sí Stockbridge, ó kọ́ ilé ńlá síbẹ̀. Lẹ́yìn ogun tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, owó ò sí lóde, ìjọba ń béèrè owó orí, àwọn tí wọ́n jẹ lówó ń béèrè owó wọn, kóòtù ń gba ilẹ̀ àti ẹran lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ti jà fún orílẹ̀-èdè, wọ́n ń kó àwọn míì sẹ́wọ̀n. Ní 1786 àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti kóòtù pa, Daniel Shays tó ti jẹ́ kápútẹ́nì lójú ogun lorúkọ ẹ̀ wá lé ọ̀tẹ̀ náà lórí. Ta ni wọ́n kórìíra jù? Lọ́yà. Ta ni lọ́yà tó gbajúmọ̀ jù lágbègbè yẹn, tó sì ń pariwo pé kí wọ́n fọwọ́ líle mú wọn? Sedgwick ni. Wọ́n ya wọ Stockbridge ní February 1787, wọ́n wọ ilé ẹ̀, òun ò sí nílé. Bett ló wà níbẹ̀. Ó ti kó fàdákà ilé náà sínú àpótí ara ẹ̀. Wọ́n tú ilé títí wọ́n fi kan àpótí yẹn, ó bá bú sẹ́rìn-ín, ó fi wọ́n ṣẹ̀sín pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe ara yín ní ọlọ́lá, àpótí arúgbó aláwọ̀ dúdú lẹ kù tẹ́ ẹ máa tú. Ojú tì wọ́n, wọ́n lọ. Obìnrin yìí, láti ìgbà Hannah Ashley ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìtìjú ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí i pé lọ́yà tó jẹ́ olùgbèjà lójú Bett, òun náà ni àwọn àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè ń rí bí ọ̀tá. Àwọn méjèèjì ò purọ́. Sedgwick gba òfin gbọ́ tọkàntọkàn, òfin ìní àti òfin gbèsè àti òfin òmìnira, gbogbo ẹ̀ pọ̀, kò rí i pé wọ́n ń bára wọn jà. Ó jà kí Massachusetts fọwọ́ sí ìwé òfin àpapọ̀ ní 1788, ìbò 187 sí 168 ló gbé e wọlé, kò pọ̀ rárá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó bá àwọn àkọ́kọ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní New York, lẹ́yìn náà ní Philadelphia, ó wà nínú ẹgbẹ́ Federalist, àwọn tó fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ lágbára, ọ̀rẹ́ Alexander Hamilton tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ náà ni.

Pamela wà nílé. Ọmọ mẹ́wàá ló bí, méje ló yè. Ọkọ ń lọ ó ń bọ̀, oṣù púpọ̀ lọ́dún kan, ọ̀nà ò dáa, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń wọ̀. Ó ń kọ lẹ́tà sí i pé òun ò lè dá ilé yìí gbé. Ọkàn ẹ̀ dàrú, àìsàn náà ń lọ ó ń bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi kú ní 1807. Nígbà tí ìyá ò bá mọ ibi tó wà, Bett làwọn ọmọ ń sá bá, Mumbet ni wọ́n ń pè é, òun ló tọ́ wọn. Catharine sọ ọ́ kedere nígbà tó dàgbà. Sedgwick kọ lẹ́tà pé ó wu òun kóun fi òṣèlú sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan kọ́, kò sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé pẹ̀lú olóṣèlú á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó yá, 1791. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ John Davis wà ní Pennsylvania, òfin ibẹ̀ ti sọ ọ́ di olómìnira, àwọn ará Virginia mẹ́ta wá gbé e lọ ní 1788, wọ́n tún sọ ọ́ dẹrú. Gómìnà Mifflin ti Pennsylvania ní kí Virginia kó àwọn tó jí i gbé wá jẹ́jọ́, Virginia kọ̀. Mifflin kọ̀wé sí Ààrẹ Washington, Washington gbé e fún àwọn aṣòfin. Wọ́n yan kọmítì ẹlẹ́ni mẹ́ta, Sedgwick alága, Bourne tí òun náà wá láti Massachusetts, àti White láti Virginia. Ẹ rántí pé ẹjọ́ ajínigbé ni wọ́n gbé wá o, ẹni tí wọ́n jí gbé ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí Sedgwick gbé jáde ní November 1791 wá jẹ́ àbádòfin tó sọ bí ìpínlẹ̀ kan ṣe máa dá ọ̀daràn tó sá padà fún èkejì, tó sì tún sọ bí wọ́n ṣe máa dá ẹrú tó sá padà.

Kí n sọ tòótọ́, àbádòfin tiẹ̀ yẹn ò kọjá, orí tábìlì ló kú sí. Ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ló di òfin, àwọn aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí i ní ìbò 48 sí 7, Washington buwọ́ lù ú ní February 12, 1793. Olówó ẹrú tàbí aṣojú ẹ̀ lè di ẹni tó bá ní ẹrú òun ni mú níbikíbi, á mú un lọ síwájú adájọ́ kan, á sọ tẹnu ẹ̀ tàbí kó mú ìwé ìbúra wá, adájọ́ á fún un níwèé, ó parí. Kò sí júrì. Ẹni tó bá dí i lọ́wọ́ máa san 500 dọ́là. Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo ohun tí Bett rí gbà ní Great Barrington, júrì, lọ́yà, àyè láti ní kí olówó ẹ̀ fi ẹ̀rí hàn níwájú àwọn ará ìlú, kò sí ọ̀kan nínú òfin yìí. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tí wọ́n jí gbé ló wá sọ ìjínigbé di nǹkan ìrọ̀rùn.

Àwọn tó ń gbèjà Sedgwick á ní ìwé òfin àpapọ̀ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n máa dá ẹrú tó sá padà, pé aṣòfin kàn ń la ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ṣe é ni, pé láìsí ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ń lo ẹrú ò ní dúró nínú ìṣọ̀kan. Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ lọ́yà ni, ó sì mọ́gbọ́n dání bí ọ̀rọ̀ lọ́yà ṣe máa ń rí. Àmọ́ ìwé òfin ò sọ pé kí wọ́n má lo júrì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́yà ló sọ nǹkan kan tó là mí lójú sí i. A jọ ń sọ̀rọ̀ nípa Sedgwick, ó ní, "Ṣó o rí i, oníbàárà tó bá ti jókòó síwájú ẹ, tó o gbọ́ ohùn ẹ̀, tó o rí ọwọ́ ẹ̀ tó ń gbọ̀n, o ò lè ṣe ẹjọ́ ẹ̀ bákan. Tó bá jẹ́ bébà ni wọ́n gbé wá, bébà náà lo máa rí." Mo ní ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò tó àwáwí. Ó ní òun ò sọ pé àwáwí ni.

Mo rò ó títí. Bett wọ ọ́fíìsì Sedgwick, ó wọlé tòun ti apá ẹ̀. Ta ló wọ yàrá kọmítì yẹn ní Philadelphia? White ará Virginia ló wọ ibẹ̀. Lẹ́tà gómìnà ló wọ ibẹ̀. John Davis ò dé ibẹ̀, àwọn tí òfin náà máa mú ò dé ibẹ̀, wọn ò sì ní ẹni tó máa bá wọn sọ ọ́. Lọ́yà máa ń ní oníbàárà kan tó mọ ojú ẹ̀, aṣòfin, àwọn tó lè rán aṣojú wá ló ń rí. Ohun tó sì bí mi nínú ni pé Sedgwick ò nílò kí wọ́n rán ẹnikẹ́ni wá. Ẹni tó yẹ kó rántí wà nílé ẹ̀ ní Stockbridge, ó ń gbé ọmọ ẹ̀ pọ̀n.

Ìyókù òṣèlú ẹ̀, mo máa yára. Ó lọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1796, ó padà sí ti aṣojú-ṣòfin, wọ́n fi ṣe olórí ilé ní 1799. Ó lágídí lórí àga yẹn, ó tiẹ̀ lé akọ̀ròyìn kan, Samuel Harrison Smith, jáde torí ohun tó ń kọ sínú ìwé ìròyìn ẹ̀. Òun ló wà lórí àga ní February 1801 nígbà tí Jefferson àti Aaron Burr gba iye ìbò kan náà nínú ìdìbò ààrẹ, tí ilé ní láti yan ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n dìbò kí Jefferson tó wọlé, Massachusetts wà lẹ́yìn Burr délẹ̀. (Burr yìí, àbúrò ìyàwó Tapping Reeve ni, ayé wọn kéré.) July 10, 1804, Hamilton kọ lẹ́tà sí Sedgwick pé ìjọba tiwa-n-tiwa gan-an ni àrùn tó ń ṣe orílẹ̀-èdè yìí. Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Burr fi ìbọn wọ̀jà ní Weehawken, Burr sì yìnbọn pa á.

Sedgwick ti kúrò nínú òṣèlú nígbà yẹn. Láti 1802 ló ti di adájọ́ ní kóòtù tó ga jù ní Massachusetts, ibẹ̀ ló wà tó fi kú ní Boston ní January 1813. Ẹjọ́ kan wá síwájú wọn ní 1810, Greenwood àti Curtis, tó da àlàyé mi rú díẹ̀. Etí omi Rio Pongas ni wọ́n ti ṣe àdéhùn náà, ní Guinea òde òní. Ẹnì kan ta ọjà fún ẹlòmíì níbẹ̀, ẹrú ni wọ́n máa fi san owó ẹ̀, wọn ò san tán, ẹni tó ta ọjà wá ń béèrè ìyókù ní kóòtù Massachusetts. Adájọ́ Àgbà Parsons àtàwọn yòókù ní àdéhùn ni àdéhùn, níbi tí wọ́n ti ṣe é kò lòdì sófin, kí wọ́n san gbèsè. Sedgwick nìkan yà sọ́tọ̀. Ó ní kóòtù tó mọ̀ pé òwò ẹrú burú ò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni gba owó tó tinú ẹ̀ wá.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi san gbèsè yẹn ò sí ní kóòtù, kò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Síbẹ̀ ó rí wọn. Òun tó jẹ́ pé láti kékeré ló ti ń bá àwọn oníbàárà ẹ̀ gba gbèsè! Nítorí náà mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ohun tójú ẹ̀ bá rí nìkan ló ń kàn án. Bóyá ọjọ́ orí ni. Bóyá àga adájọ́ ni, níbi tí kò ti sí Virginia tó ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Bóyá ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí Bett ti ń gbé lágbo ilé àti ìdílé ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lára.

Sedgwick àti Pamela ló wà láàárín itẹ́ ìdílé náà ní Stockbridge, wọ́n sin àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ yí wọn ká ní òbìrípo, gbogbo wọn ló kọ ẹsẹ̀ sí àárín. Ọ̀kan nínú àwọn òbìrípo inú ni Bett wà. December 28, 1829 ló kú, ó ti ra ilé àti ilẹ̀ tiẹ̀ ní Stockbridge. Charles, àbíkẹ́yìn ọkùnrin nínú àwọn ọmọ Sedgwick, ló kọ ọ̀rọ̀ orí òkúta ẹ̀. Ó dára, ó ní kò mọ̀wé kà síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tó o nípò ẹ̀, ó ní kò dalẹ̀ rí, ó pè é ní ìyá rere. Àmọ́ ẹ ka òkúta yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ó ní wọ́n bí i lẹ́rú, ó wà lẹ́rú fún bí ọgbọ̀n ọdún, ó sì ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ nígbà tó kú. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: tó bá jẹ́ márùndínláàádọ́rùn-ún ní 1829, á ti lé ní ọdún márùndínlógójì ní 1781. Ọdún mélòó kan ti já bọ́ lórí òkúta nínú ọdún ẹrú ẹ̀, kóòtù já bọ́, ẹni tó pe ẹjọ́ já bọ́, ó wá dà bíi pé òmìnira kàn rọ̀ sílẹ̀ látojú ọ̀run lọ́jọ́ kan ni. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, August 1781 ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, màá sì kọ ọ́ pé òun ló pe Ashley lẹ́jọ́.